Àwọn Àká Gíga Ẹ̀yìn Calgary

Láti ìgbà tí mo ti padà dé sí Ṣakí, òtútù ni gbogbo ènìyàn ń bi mí léèrè. Ṣé lóòótọ́ ni itọ́ máa ń dì kó tó bọ́ sílẹ̀? Rárá o. Ṣé lóòótọ́ ni ènìyàn lè gbàgbé pé òun ní etí? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi mí sílẹ̀ kí n sọ ohun tó wù mí, n kò ní sọ ti òtútù. Ti àká ni n ó sọ.

Ọmọ Òkè-Ògùn kì í béèrè ohun tó ń jẹ́ àká. A mọ̀ ọ́n: ẹsẹ̀ igi mẹ́rin, ara ọparun, orí koríko, àgbàdo nínú rẹ̀. Àká tí mo ń wí yìí, igi ni wọ́n fi kọ́ ọ látìsàlẹ̀ dókè, ó sì ga tó ilé alájà méje. Ẹ̀bá ojú irin ló máa ń wà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí ẹní, débi pé ènìyàn á ti máa rí i láti ibi tó jìnnà tó Ṣakí sí Àgọ́-Àmọ́dù kó tó mọ̀ pé ìlú kan wà nídìí rẹ̀. Elevator ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé wíìtì tí àgbẹ̀ kó wá lọ sókè, kó tó dà á sínú ọkọ̀ ojú irin.

Ìmọ̀ ìwọn ilẹ̀ ni mo lọ kọ́ ní Calgary. Àká kò sí nínú ẹ̀kọ́ mi. Fúnra mi ni mo kọ́ ọ: mo kà, mo wò, mo wọ̀n. Nígbà tí ó fi máa di ọdún kejì, mo lè wo òrùlé ọ̀kan láti ojú ọ̀nà kí n sọ bí inú rẹ̀ ṣe pín. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. N kò tíì dé orí ọ̀kan rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ti tì pa, wọ́n sì ń wó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀nba tí wọ́n sọ di ibi ìrántí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń mú àlejò yí ká, okùn á sì dí ọ̀nà òkè. Ní August ni ẹ̀kọ́ mi máa parí, n ó sì wálé. Mo ti pinnu pé n ó dé orí ọ̀kan kí n tó lọ.

Ẹ jáde, kí n sùn

Inú basement Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá ni mo ń gbé, ní Temple, lápá àríwá-ìlà-oòrùn ìlú náà. Ọmọ Ṣakí ni, ó fi ọdún mẹ́rìnlá jù mí lọ. Ẹnjiníà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo ṣiṣẹ́ ni láti yẹ ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù wò: kò sí kéréènì tó lè gbé ohunkóhun títí òun á fi fọwọ́ sí i. Ní oṣù January ọdún kejì mi, lẹ́yìn tí owó epo ti já lulẹ̀, wọ́n pe ọ̀pọ̀ wọn sínú yàrá kan láàárọ̀, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní páálí tí yóò fi kó ẹrù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi Ẹ̀gbọ́n pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á yí ọ̀rọ̀ náà sí bọ́ọ̀lù.

Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Bùnmi, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan ní Seton. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló sì máa ń wọlé, tí oorun ti kún ojú rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni Ẹ̀gbọ́n máa ń gbé òòlù.

"Bàbá Tèmi, kí lẹ tún ń kàn?"

"Ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ó ń dún."

"Ẹ̀yin lẹ ń dún. Akin, jọ̀ọ́, mú ẹ̀gbọ́n ẹ jáde. Àwọn ilé gogoro tí ò ń wò nínú fóònù yẹn, ẹ lọ wò wọ́n. Ẹ lọ tipẹ́tipẹ́. Kí n sùn."

Tèmi, ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, fi ẹnu sí i láti ìdí síríàlì rẹ̀: "But it's Daddy's house too."

"Jẹun," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Bí ìrìn-àjò wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí n kò bá ní kíláàsì, a ó jáde lẹ́yìn tí a bá ti gbé Tèmi dé ilé ìwé, a ó sì padà kó tó jáde níbẹ̀. Àǹtí á ti se jọ́lọ́ọ̀fù sínú kúlà kí ebi má baà dá wa padà.

Mossleigh

Mẹ́ta ló tò sójú kan ní Mossleigh, lẹ́bàá ọ̀nà, bí ìyá mẹ́ta tó ń dúró de ọkọ̀. Oṣù April ni. Snow ṣì wà nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ṣùgbọ́n oòrùn ti mú. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Wọn kì í na pákó ró bí a ṣe ń ṣe ògiri. Wọ́n á tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, ọ̀kan lé ọ̀kan, bí ẹni to ìwé jọ, wọ́n á sì máa kan ìṣó mọ́ ọn títí dé òkè. Wíìtì wúwo, ó sì máa ń ti ògiri síta bí omi. Pákó tó nà ró á yẹ̀. Èyí tó dùbúlẹ̀ kò ní yẹ̀. Mo fi ìka wọn sísanra ògiri náà níbi tí igi ìta ti ṣí: ínṣì mẹ́fà nísàlẹ̀, mẹ́rin lókè. Mo gbé etí lé e. Àwọn ẹyẹlé ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò bọ́ sílẹ̀. Ó yí gíláàsì wálẹ̀ díẹ̀.

"Ilé àgbàdo rẹ nìyí?"

"Wíìtì ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ṣí?"

"Wọ́n tì í."

"Ó dáa, o ti kí i. Wọlé ká lọ jẹun."

Oúnjẹ wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìjókòó tó gbóná. A yà sí ilé oúnjẹ kan ní ìlú tó tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà ọkùnrin mẹ́fà ló wà níbẹ̀, fìlà kan náà lórí gbogbo wọn. Ariwo dákẹ́ bí a ṣe wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n mi orí sí wa, wọ́n sì padà sórí ọ̀rọ̀ òjò. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ ní kí a jẹ perogy: ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, tí wọ́n fi ànàmọ́ òyìnbó sí nínú, tí wọ́n ká bí etí, tí wọ́n sè, tí wọ́n tún dín pẹ̀lú àlùbọ́sà. Mo jẹ mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n tọrọ ata. Obìnrin náà gbé ata dúdú wá, èyí tí kò lè ta ọmọ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́, ó sì dà á tán.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà yíjú sí wa. "Níbo lẹ ti wá?"

"Calgary," Ẹ̀gbọ́n ní.

"Mo mọ̀. Kẹ́ ẹ tó dé Calgary ńkọ́?"

"Rárá, inú Calgary náà ni. Temple."

"Kó tó di Temple?"

"Marlborough. A háyà ilé kan níbẹ̀ fún ọdún méjì."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó rí i pé ojú Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, ó na kọfí rẹ̀ sókè sí wa. Nígbà tí a ń lọ, Ẹ̀gbọ́n lọ bá a, ó sì sọ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́ pé Ṣakí ni, ní Nàìjíríà, níbi tí òkúta pọ̀ ju ilé lọ.

Afárá mọ́kànlá

Nígbà tí ó di May, mo fẹ́ fi ohun mìíràn tu Ẹ̀gbọ́n nínú, nítorí pé àká kò tíì wọ̀ ọ́ lójú. A lọ sí àfonífojì Drumheller. Ẹ ó máa wa ọkọ̀ lọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́, láìròtẹ́lẹ̀ ilẹ̀ á là níwájú yín, ẹ ó sì rí inú rẹ̀: ìlà eérú, ìlà pupa, ìlà dúdú, bí mọ́ínmọ́ín tí wọ́n dà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Eegun àwọn ẹranko ńlá ayé àtijọ́ ni wọ́n ń wú níbẹ̀. Inú ilẹ̀ yẹn náà ni èédú ti wá, kó tó kan epo.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà tóóró kan lọ sí abúlé Wayne. Odò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ bí ejò, afárá ọlọ́kọ̀ kan sì wà níbi gbogbo tó bá ti gé ọ̀nà. Ìwé ní mọ́kànlá ni. Mo kà á, ó pé mọ́kànlá. Ẹ̀gbọ́n ka mẹ́wàá.

"O ti ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀yin lẹ ń wo màlúù nígbà tí a kọjá èkejì."

"Èmi? Ẹni tó ń fi ẹ̀rí ìwọ̀n jẹun?" Ó kọ ojú sí ọ̀nà, bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ já sí ohun tí kò fẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí ọkọ̀ padà. "A máa lọ kà á."

A padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń ka afárá sókè, tòun ti ìka, bí ọmọ ilé ìwé jẹ́léósinmi. Nígbà tí ó ka ìkọkànlá, ó tẹ hóònù fún mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti January. N kò rántí ohun tí a jẹ lọ́jọ́ náà, èyí tí kì í ṣe ìwà mi.

Ṣùgbọ́n ní ti àká, òfo ni. Nígbà tí May fi parí, mo ti dé ìdí mọ́kàndínlógún. Mo ní àwòrán àgádágodo mọ́kàndínlógún nínú fóònù mi.

Ìka kan

Ìlú tí ó kàn yìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé bàbá tí ẹ fẹ́ pàdé ṣe ohun tí wọ́n ní kó má ṣe.

June ni. A kúrò lójú títì, a bọ́ sí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ láàárín oko, eruku ń tẹ̀ lé wa. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ níwájú. Bó ṣe kù díẹ̀ kó kọjá, awakọ̀ náà gbé ìka kan ṣoṣo sókè lórí sitiárìn, ó sì lọ.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílé. Táyà ti jò, tàbí ọlọ́pàá wà níwájú. Ẹ̀gbọ́n dúró. A yẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, a wo abẹ́ ọkọ̀, a ṣí búùtù. Kò sí nǹkan kan. A tún gbéra. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ọkọ̀ mìíràn dé, bàbá arúgbó ló ń wà á. Òun náà gbé ìka kan sókè.

"Èyí kì í ṣe táyà," Ẹ̀gbọ́n ní. "Àgbà ló pè wá."

"Bóyá kì í ṣe àwa ló ń pè."

"Ta ló tún wà ní ojú ọ̀nà yìí? Ṣé màlúù ló ń pè? Kí àgbà nàka sí ènìyàn kó kọjá lọ, ilé wo la ti kọ́ ọ?"

Ó yí ọkọ̀ padà, a sì tẹ̀ lé bàbá náà. Ó yára, àwa náà yára. Nígbẹ̀yìn, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sílẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹrí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. A rí i pé ẹ pè wá. Ẹ má bínú pé a kọ́kọ́ kọjá."

Bàbá náà wo òun, ó wo èmi. "Mo pè yín?"

Ẹ̀gbọ́n gbé ìka náà sókè láti fi hàn án.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e. Nígbà tó yé e, ó di ọkọ̀ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn níbẹ̀ nìyẹn. Ó ní gbogbo ọkọ̀ tó bá pàdé òun ní ọ̀nà yẹn lòun ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, àti pé láti kékeré òun, ẹnikẹ́ni kò tíì padà wá jẹ́ ẹ rí.

"Bí ẹ bá wá fẹ́ kí ènìyàn dúró lóòótọ́ ńkọ́?" mo bi í.

Ó ronú sí i. "Màá dúró sáàárín ọ̀nà."

Ó ní kí a máa pe òun ní Walter. Ẹnu wa kò gbà á. A gbà láàárín ara wa láti máa pè é ní Mr. Walter, ṣùgbọ́n Bàbá Walter ni Ẹ̀gbọ́n ń pè é bí a bá ń sọ Yorùbá. Ó bi wá pé kí la wá ṣe ní ilẹ̀ yẹn. Mo na ọwọ́ sí àká tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níwájú díẹ̀ lójú irin àtijọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti pákó tó dùbúlẹ̀. Mo sọ ti bẹ́líìtì inú rẹ̀ tí wọ́n kan ife mọ́, tó ń bu wíìtì gòkè. Mo sọ pé, bí òrùlé rẹ̀ ṣe rí, ihò ọkà mẹ́rìndínlógún ni yóò wà nínú rẹ̀.

"Méjìdínlógún," ó ní. "Wọ́n fi méjì kún un." Ó wò mí bí ìgbà tí ènìyàn bá pàdé ẹni tó ń sọ èdè rẹ̀ ní ìlú òkèèrè. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Thursday ni wọ́n ń bọ̀ wá wó o. Wọ́n yá mi ní kọ́kọ́rọ́ kí n lọ kó irinṣẹ́ mi. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gòkè."

Monday la wà.

Nínú rẹ̀

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa: eruku, ọkà gbígbẹ, gírísì àtijọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àlàfo pákó wọlé bí abẹ́rẹ́. Bàbá Walter fi ibi tí wọ́n ti ń da wíìtì sílẹ̀ hàn wá, àti kẹ̀kẹ́ irin tó fi ń yí ẹnu àrọ tí wíìtì ń gbà kọjá lọ sí ihò tó bá wù ú. Mo fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Ní igun kan, mo rí i: pẹpẹ kékeré kan, kò fẹ̀ ju àpótí ìjókòó lọ, tó so mọ́ okùn irin tó lọ sínú òkùnkùn lókè.

Ènìyàn kan ló lè gùn ún. Á dúró lórí rẹ̀, á máa fi ọwọ́ fa okùn mìíràn, á sì máa gbé ara rẹ̀ lọ sókè. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àpótí kan tí wọ́n kó irin sí, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ti ẹni náà dọ́gba, á máa bọ̀ nísàlẹ̀.

"Ìwọ̀n tèmi ló wà nínú rẹ̀," Bàbá Walter ní. "Mo sanra nígbà náà. Bí ìwọ bá gùn ún, o máa gbéra bí ọfà, orí ẹ á sì kan àjà. Jẹ́ ká fi mọ síbí."

Mo wo òkè. Mo ti sún mọ́ ọn ju bí mo ṣe sún mọ́ ọn rí lọ.

Ẹ̀gbọ́n ti kúnlẹ̀. Ó ti na tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí ìdí okùn náà. "Ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn, sà?"

"Ọdún kọkànlá rèé."

"Bíréèkì rẹ̀, ti ẹsẹ̀ ni?"

"Ti ẹsẹ̀ ni. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Mo ti múra láti dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n kò gbójú sókè. "Ẹnjiníà ni mí. Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè ni mò ń yẹ̀ wò."

Bàbá Walter fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó dáa. Yẹ̀ ẹ́ wò. Bí o bá ní ó dára, àbúrò ẹ á gòkè. Bí o bá ní kò dára, ẹ wá mu kọfí nílé mi, kẹ́ ẹ máa lọ."

Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ló fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ Ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n dé òkè. Mo sì mọ̀ pé bí ohunkóhun bá bàjẹ́ níbẹ̀, kò ní fojú fò ó nítorí èmi. Ó fi àtàǹpàkò tọ okùn irin náà ní ínṣì kọ̀ọ̀kan. Ó dára. Ó dé orí okùn ọwọ́, ó dúró.

"Akin, èyí ti jẹrà."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku.

"Okùn tuntun wà nínú ọkọ̀ mi," Bàbá Walter ní, ó sì ti ń lọ kó tó sọ ọ́ tán.

Wọ́n so orí tuntun mọ́ ìdí ti àtijọ́, wọ́n sì fà á díẹ̀díẹ̀ gba òkè lọ, títí ó fi padà wá bá wa nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà Ẹ̀gbọ́n bi mí pé kílò mélòó ni mí.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta."

"Pẹ̀lú gbogbo perogy yẹn?"

Ó kó irin sórí pẹpẹ náà títí ó fi tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n mi, ó gbé e dirọ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kan kúrò nílẹ̀, ó sì wo aago fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbìyànjú bíréèkì náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó yọ irin mẹ́fà kúrò nínú àpótí kejì kó lè bá mi dọ́gba. Nígbẹ̀yìn, ó tọrọ ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Bàbá Walter. Ó kọ ọjọ́ náà àti ìwọ̀n tí pẹpẹ náà lè gbé sára igi, ó sì fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́.

"Gòkè," ó ní. "Má wolẹ̀."

Orí

Mo wolẹ̀. Àwọn méjèèjì ti kéré, wọ́n gbé orí sókè, ọwọ́ wọn méjèèjì ló wà lára okùn bí ẹni pé àwọn ló ń gbé mi. Ihò ọkà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mọ́ nínú, wíìtì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán ara pákó rẹ̀ bí awẹ́ obì. Ọwọ́ mi ń gbóná. Lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ dé.

Yàrá kékeré ni orí àká, fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn òkè ńlá tò lọ tàwọn ti snow lórí wọn. Nísàlẹ̀, wọ́n ti wọn gbogbo ilẹ̀ náà sí igun mẹ́rin, ọ̀nà kan ní máìlì kọ̀ọ̀kan, tí kò yẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ìwọn ilẹ̀, mo dúró, mo ń wo iṣẹ́ àwọn tó wọ̀n ọ́n, ẹnu mi kò padé. Mo rí àká ìlú kejì, ó kéré bí ìṣó. Mo wá ti ìkẹta, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo yíjú sí ògiri, mo rí ìkọ̀wé. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, láti ìtòsí ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ lè dé. Gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un. Pete: ogójì ìsàlẹ̀ òdo, train kò wá. Mike: a bí ọmọbìnrin lánàá. Steve: ihò gbogbo kún, ibi kankan kò sí mọ́. Lápá òsì, lẹ́tà kéékèèké: Walter, ọjọ́ kìíní, ẹ̀rù ń bà mí.

Mo kà wọ́n. Mọ́kànlélógún ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n wó wọn lulẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, ènìyàn kì í bá òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kó kọjá lára rẹ̀ bí ewúrẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ògiri. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kí wọn sókè: Mr. Pete, ẹ kú iṣẹ́ o. Mr. Mike, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu ọmọ. Mr. Steve, ẹ kú iṣẹ́.

Ohùn Ẹ̀gbọ́n gòkè wá. "Akin, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n kọ orúkọ wọn sára ògiri. Mò ń kí wọn kú iṣẹ́."

Mo gbọ́ tí Bàbá Walter bi í pé kí ni mo wí, mo sì gbọ́ tí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Bá mi kí wọn," Ẹ̀gbọ́n ní. "Rárá, sọ̀ kalẹ̀. Màá kí wọn fúnra mi."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Walter àti èmi kó irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sínú àpótí, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ nígbà náà àti ti Ẹ̀gbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n bọ́ kóòtù rẹ̀ fún mi, ó gun pẹpẹ náà, ó fa okùn, ó sì wọ inú òkùnkùn lọ. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti orí àká, a gbọ́ ohùn rẹ̀. Orí Mr. Pete ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn kú iṣẹ́.